"Na" yìí, ta ló ni ín?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò la jọ ń fà á, lórí "na" inú Píjìn, irú èyí tó wà nínú "na me", "na so", "na wa o". Mo ní "ni" tiwa ni wọ́n yí sí "na". "Èmi ni", "na me". "Bẹ́ẹ̀ ni", "na so". Kí ló tún kù? Ó ní irọ́ ni, pé odidi "na" wà nínú èdè Ìgbò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, pé èmi ni mo ń yí "i" sí "a" kí ẹjọ́ mi lè dúró. Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè, ta ló jàre nínú wa?

Ìyálọ́jà_Gbági:
Èwo ni ìjà lórí ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà méjì lọ? Ní ìsọ̀ tèmi, kí oníbàárà ná ọjà, kó náwó, ó parí. Èyí tó bá ná aṣọ láti àárọ̀ dọ̀sán tí kò rà á, ó máa ń ṣe mí bíi kí n nà án.

Bàbá_Tíṣà:
Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi tí Ìyálọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Mọ́kọ́lá, kí o tó wá ẹni tó ni "na", èwo nínú wọn lò ń bèèrè? Nílé wa níbí, nà olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ẹgba, òun náà sì ni ti kí á na ẹsẹ̀ tàbí kí á na ọwọ́ sí nǹkan. Ná olóhùn òkè ni ti owó àti ti ọjà. Ná mìíràn wà tí í jókòó sẹ́yìn gbólóhùn, "ẹ dúró ná", kò sì bá owó tan rárá. Náà tún wà, tó gùn ju àwọn yòókù lọ, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: "èmi náà" yàtọ̀ sí "ọkùnrin náà".

Èyí tó máa ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni nà ti ẹgba, nítorí kì í dúró sójú kan. "Ó nà mí", "ó nà án", ìsàlẹ̀ ló wà. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e, "ó na Òjó", ohùn rẹ̀ á gun àárín. Ẹ wá wo gbólóhùn yìí: "Ẹ na ọmọ náà ná kí ẹ tó ná owó náà." Ẹ bọ́ àmì ara rẹ̀ kúrò bí ẹ ṣe máa ń kọ̀wé lórí fóònù, kí ẹ wo ohun tó kù: "E na omo naa na ki e to na owo naa." Ẹni tó bá fi irú èyí ránṣẹ́ sí mi, n kò ní fèsì.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n ti Píjìn ni mò ń bèèrè. Ti "na me".

Bàbá_Tíṣà:
Màá débẹ̀. Jẹ́ kí àwọn tó kù sọ tiwọn ná.

Ọmọ_Ìlọrin:
Ní Ìlọrin, ẹni tó gbọ́ Haúsá á kàn máa wò yín ni. "Na zo" ni Haúsá ń wí bó bá fẹ́ sọ pé òun ti dé. "Na" ibẹ̀ ni "mo". Bó bá tún ní "na Audu", ó di "ti Audu". "Na biyu" ni ìkejì. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ akọ ni "na" yìí ń bá rìn o. Bó bá jẹ́ abo, "ta" ni wọn á lò. Ẹ má sì rò pé ènìyàn àti ẹran nìkan ló ń jẹ́ akọ àti abo lọ́dọ̀ wọn. Kujera, ìyẹn àga, abo ni. Teburi, ìyẹn tábìlì, akọ ni. Ẹni tí kò mọ ìyẹn, tó bá ní òun ń sọ Haúsá, ẹ̀rín ni wọn á fi í rín.

Ọmọ_Ìgbò_Bódìjà:
Èmi gan-an ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń sọ. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ẹ má rò pé ẹ máa fi Yorùbá tì mí síta.

Ẹ gbọ́ tèmi. "Mụ na gị", èmi àti ìwọ. "Ọ nọ n'ahịa", ó wà lọ́jà. "Na" náà ni "n" yẹn, a kàn gé e kúrú nítorí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ni. "O kwuru na ọ na-abịa", ó ní òun ń bọ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn yẹn, "na" àkọ́kọ́ ni "pé" tiyín, èkejì ni "ń" tó wà nínú "ń bọ̀". Ọ̀rọ̀ kan ń so èèyàn méjì pọ̀, ó ń sọ ibi tí nǹkan wà, ó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wá, ó tún ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ní "ni" lẹ fẹ́ wá gba "na" lọ́wọ́ wa?

Bàbá_Tíṣà:
O káre, o sọ ọ́ dáadáa. Báwo lẹ ṣe ń wí "èmi ni" ní Ìgbò?

Ọmọ_Ìgbò_Bódìjà:
"Ọ bụ m."

Bàbá_Tíṣà:
"Na" wà níbẹ̀?

Ọmọ_Ìgbò_Bódìjà:
Bàbá, ẹ ti mú mi.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
ẸJỌ́ TI PARÍ O! Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run!

Bàbá_Tíṣà:
Má tíì yọ̀. Tìrẹ náà ò dúró.

Lákọ̀ọ́kọ́, wo ibi tí "ni" tiwa máa ń wà. Ẹ̀yìn ni: "Táyọ̀ ni ó jẹ ẹ́." Iwájú ni Píjìn ń fi tirẹ̀ sí: "Na Táyọ̀ chop am." Iwájú ni Ìgbò náà ń fi "ọ bụ" sí. Lóòótọ́, iṣẹ́ "ni" ni "na" ń ṣe, n ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjókòó wọn ò bára mu.

Èkejì ló le jù. Nínú Yorùbá, "l" àti "n" kì í ṣe àjèjì síra wọn, fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé wọn ló ń sọ èyí tó máa jáde. Fáwẹ̀lì tí imú ń bá wa pè ló ń gba "n", èyí tí imú kò bá wa pè ló ń gba "l". "Ní ilé" di "nílé", ṣùgbọ́n "ní ọjà" di "lọ́jà". Òun la ṣe ń sọ pé Ìyálọ́jà, tí a kì í sọ pé Ìyánọ́jà. Nà àti ná tiwa, imú la fi ń pè wọ́n, bí a kò tilẹ̀ kọ wọ́n ní "nan". Bí "ni" bá wá pàdé "a" lásán, kí ló ń dà? "Èmi ni a rán" di "èmi la rán". "Àwa ni a ṣe é" di "àwa la ṣe é". LA ni, kì í ṣe NA. Ẹnu Yorùbá fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́ fún ọ.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ha. Ẹ tún fi orúkọ Ìyálọ́jà jẹ́rìí takò mí.

Ìyálọ́jà_Gbági:
Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi ò lọ sílé ẹjọ́ o.

Ará_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ń bọ̀ láti Pọ́tónofò, ìlú tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lọ́dọ̀ wa ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí èdè mẹ́ta la ń gbọ́ kí oúnjẹ àárọ̀ tó tán lẹ́nu. Bí Yorùbá bá ní òun ná owó, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Gùn tàbí Fọ̀n bá ní "na" owó, tí wọ́n ń pè ní akwɛ, wọ́n fún ẹnìkan ni. "Na" kan tún wà lọ́dọ̀ wọn tó jẹ́ "yóò". Bí ẹnìkan bá ní "e na na mi akwɛ", ohun tó ń sọ ni pé "yóò fún mi lówó". Faransé wá gba ibòmíràn wọlé ní tirẹ̀: "il n'a rien", kò ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pa pọ̀ níbẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n "na" náà ni etí ń gbọ́. Ẹ rí i bí ó ṣe rí: Yorùbá ń ná an, Gùn ń fúnni, Faransé ní kò sí rárá. Láàárín àdúgbò kan ṣoṣo.

Oòduà_Gangan:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò tíì rí i ni? Ná owó, fún un lówó, ọ̀kan náà ni! Láti Ilé-Ifẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣàn lọ. Haúsá mú un, Ìgbò mú un, Fọ̀n mú un. Èdè Yorùbá ni ìyá gbogbo èdè, wọ́n kàn ń fi pamọ́ fún wa ni.

Kúnlé_Peckham:
Ẹ̀gbọ́n Oòduà, ẹ ṣe jẹ́jẹ́, nítorí èyí tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ẹ máa ní láti rán Odùduwà lọ sí ibi tó pọ̀.

Níbi iṣẹ́ wa nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ará Kẹ́ńyà kan wà. Swahili ni "na" tirẹ̀: "mimi na wewe", èmi àti ìwọ, bíi ti Ìgbò gẹ́lẹ́. Bó bá fẹ́ sọ pé òun ní ìwé, "nina kitabu" ni yóò wí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun wà pẹ̀lú ìwé. Àwọn ará Íńdíà wa náà ní tiwọn lẹ́yìn gbólóhùn: "āo na", wọ́n ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "come na" ti Èkó kí ẹ sọ fún mi pé etí yín ò ta! Àwọn ọmọ ìta níbí, "nah" tiwọn, "rárá" ni. Ọmọbìnrin mi tó ń wo fíìmù Kòríà sọ fún mi pé "na" ni "èmi" lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ojúgbà ẹni tàbí ẹni tó kéré síni ni wọ́n ń lò ó fún. Bí o bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, "jeo" ni wàá pe ara rẹ. Mo ní ìyẹn dára, àwọn èèyàn gidi nìyẹn.

Ti Gíríìkì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. "Nai" wọn, tí ẹnu ń pè bíi "nẹ", "bẹ́ẹ̀ ni" ló jẹ́. Ẹni tó bá mọ "nah" ti ìta Lọ́ńdọ̀nù á rò pé wọ́n kọ̀ fún òun, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti gbà. "Na" gan-an tún wà: bí wọ́n bá fẹ́ bú ẹnìkan, wọ́n á na ìka ọwọ́ márààrún sí i lójú, wọ́n á ní "Na!" Ẹ̀yin náà mọ ìka márààrún yẹn. Wàká tiwa ni! Ọmọ Yorùbá kankan ò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ọmọ_Ìlọrin:
Kúnlé, ó tún jẹ́ pé "nà" la fi ń sọ ọ́: ó NA ìka sí mi. Ẹ gbà mí o.

Oòduà_Gangan:
Ṣé ẹ rí i! Gíríìkì náà!

OníKẹ́mísírì:
Ẹ má gbàgbé tiwa. Na ni àmì sodium nínú kẹ́mísírì, òun ló wà ní ipò 11 lórí tábìlì àwọn élímẹ́ǹtì. Inú "natrium", orúkọ Látìnì, ni wọ́n ti yọ ọ́, natrium sì ti ara natron wá, iyọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń gbẹ òkú. Káún tí ẹ ń fi se ewédú, mọ̀lẹ́bí natron yẹn ni. Àwọn èèyàn wa ń pe káún ní potash, wọ́n rò pé potassium ni. Sodium ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, Na wà nínú ìkòkò gbogbo yín lónìí.

Ìyálọ́jà_Gbági:
Ẹni tó mú káún wọ ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run á bù kún un.

Bàbá_Tíṣà:
Ó yá, Oòduà Gangan, jọ̀ọ́ fetí sílẹ̀, n kò fi bú ọ. Ní Ọsirélíà, àwọn onílẹ̀ kan wà tí èdè wọn ń jẹ́ Mbabaram. Nígbà tí onímọ̀ èdè R. M. W. Dixon bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pe ajá, "dog" ni wọ́n dá a lóhùn. Bó ṣe rí nínú Gẹ̀ẹ́sì náà ló rí, ìtumọ̀ kan náà. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ nínú àwọn èdè tó yí wọn ká, ó sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá níbẹ̀ gan-an, kò bá Gẹ̀ẹ́sì tan rárá. Bí ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà mẹ́ta tí ìtumọ̀ rẹ̀ tún bára mu bá lè ṣe kòńgẹ́, kí lẹ rò pé lẹ́tà méjì máa ṣe? Kò wọ́pọ̀ kí èdè kan má ní "n", tàbí kó má ní "a". Ọmọ tí kò tíì lè rìn ń pè é.

Bí o bá fẹ́ mọ èdè tó bá wa tan, má wo ọ̀rọ̀ kékeré kan. Wo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìyàtọ̀ wọn ń tẹ̀ lé ìlànà. Àwa ní imú, Ìgbò ní imi. Àwa ní ẹnu, Ìgbò ní ọnụ. Àwa ní etí, Ìgbò ní ntị. Ẹ̀ta wa ni atọ wọn, ó jẹ́ tatu fún Swahili. Ẹ̀rin wa ni anọ wọn, ó jẹ́ nne fún Swahili. Ìyẹn ni ẹ̀bí. "Na" ti Swahili àti ti Ìgbò lè jẹ́ ẹ̀bí nítorí pé èdè méjèèjì ti wà nínú ẹbí kan náà tẹ́lẹ̀. Ti Kòríà àti ti Haúsá tí méjèèjì ń sọ "èmi", kòńgẹ́ lásán ni.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà:
Ẹ jẹ́ kí ọmọ Àgùdà wọlé. Nínú Potogí, "na" ni "em" àti "a" tí wọ́n pa pọ̀: "na rua", lójú títì, "na Bahia", ní Bahia, níbi tí àwọn bàbá wa ti padà wá sí Èkó. Fún ohun tó jẹ́ akọ, "no" ni: "no Brasil". (Ọmọ Ìlọrin, àwọn wọ̀nyí náà ń pín àga sí akọ àti abo.) Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé: Potogí ló kọ́kọ́ bá àwọn ará etí òkun wa ṣòwò, láti ọ̀rúndún 15, kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ibi tí wọ́n bá ti dé, "na" wọn a máa kù síbẹ̀. Ní Curaçao, erékùṣù kan ní Karíbíà, "na kas" ni wọ́n ń wí fún "nílé". Ní Zamboanga lórílẹ̀-èdè Philippines, "na" náà ni wọ́n ń lò fún ibi tí nǹkan wà, Sípéènì sì ni wọ́n bá ṣe àdàlù èdè níbẹ̀ o. Ní Kúbà ẹ̀wẹ̀, "na'" ni "nada" tí wọ́n gé kúrú, òfìfo.

Sàró_Olówógbówó:
"Na kas" kẹ̀? Krio àwa náà ní "na os"! "A de na os", mo wà nílé. A sì tún ní "na mi", èmi ni. Méjèèjì wà lẹ́nu wa pa pọ̀.

Ẹ ti gbàgbé Sàró látàárọ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ni wọ́n já wọn sí. Ọdún 1822 ni Àjàyí Crowther dé ibẹ̀. Àwọn tó ti gba òmìnira láti Nova Scotia ní Kánádà ti ṣáájú wọn dé lọ́dún 1792, àwọn Maroon, ìyẹn àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ní Jàmáíkà àti àwọn ọmọ wọn, sì dé lọ́dún 1800. Ẹnu gbogbo wọn pàdé, ó di Krio. Àwa fi tiwa sí i, wọ́n ń wọ ashobi níbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ń se awujoh fún òkú wọn. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1839, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé, sí Badagry, sí Èkó, lẹ́yìn náà sí Abẹ́òkúta. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló kó "na" wálé?

Bàbá_Tíṣà:
Sàró, ẹ ní ìpín níbẹ̀, ẹ kò dá a ni. Kí ọkọ̀ Sàró kankan tó kúrò ní Freetown, oníṣòwò Ẹ̀fíìkì kan ní Calabar, Antera Duke, ti ń fi irú Gẹ̀ẹ́sì etí òkun yẹn kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀, láti 1785 sí 1788.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ìdáhùn rẹ nìyí. Ní Suriname, ní gúúsù Amẹ́ríkà, èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Sranan. Ọdún 1651 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó oko wọn lọ síbẹ̀, nígbà tó di 1667 wọ́n ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn Dọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ Sranan ń sọ "na mi" fún "èmi ni". Jàmáíkà ń sọ "a mi". Nínú ìwé Sranan tó ti wà láti ọ̀rúndún 18, "da" ni wọ́n kọ, kì í ṣe "na". "Da" yẹn sì ni "that" ti Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu àwọn ẹrú ti tún ṣe. Lójú tèmi, ọ̀nà tí "na me" gbà nìyẹn: "that" di "da", "da" di "na". "Na" ti ibi tí nǹkan wà, bíi "na os", mo fi í fún Potogí, kí Ìgbò sì bá wọn mú díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń sọ "na" fún "ní" nílé rẹ̀ kò ní kọ "na" tó bá bá pàdé lọ́jà. Ìwọ náà ní ìpín tìrẹ: ẹni tó ti mọ "èmi ni" kò ní ṣòro fún láti mọ ìgbà tó yẹ kó sọ "na me". Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa la bí i.

Ọmọ_Ìgbò_Bódìjà:
Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Òun náà ò jàre.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Látorí "that" dé "na". Gẹ̀ẹ́sì ló wá jàre nínú ìjà Yorùbá àti Ìgbò. Ó burú.

Ìyálọ́jà_Gbági:
Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo èyí, àwọn ará Ṣáínà tó ń ta àǹkárá fún wa lósùnwọ̀n ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, "na" ni mò ń gbọ́ ṣáá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Guangzhou:
Mà, tiwọn ló jọ tiwa jù, nítorí ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ná" tí ohùn rẹ̀ ń gùn lọ sókè, "mú" ni. "Nà" tí ohùn rẹ̀ ń já bọ́, "yẹn" ni. "Nǎ" tí ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ kó tó gbéra, "èwo" ni. "Nǎ ge?" ni kí ẹ fi bi wọ́n pé èwo. Wọ́n á nawọ́ sí i, wọ́n á ní "nà ge", ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn á pè é bíi "nèi ge". Wọ́n tún máa ń wí i bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu, bí àwa ṣe ń sọ "ẹ̀ẹ̀n, kiní yìí". Ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ ṣáá nìyẹn. Ẹ má fi ohùn tiwa pè é o. Tiwa dúró sójú kan, tiwọn ń yọ̀ ni.

Ìyálọ́jà_Gbági:
Nǎ ge. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọjà. Báwo ni mo ṣe máa wá sọ fún wọn pé mo fẹ́ ná an?

Akẹ́kọ̀ọ́_Guangzhou:
"Jiǎng jià", mà.

Ìyálọ́jà_Gbági:
Kò tiẹ̀ ní "na" nínú. Ẹ ṣé, ọmọ mi.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ó dáa, mo gbà. "Sabi" ńkọ́? Ẹ má sọ fún mi pé ìyẹn náà kì í ṣe tiwa.

Ọmọ_Ìgbò_Bódìjà:
Ọ̀rẹ́, sinmi.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà:
"Saber" ti Potogí ni. "Pikin" náà, tiwa ni. Ẹ ṣí ojú ewé mìíràn fún un, kí n lọ mu kọfí ná.